Ẹni Tó Sọ Pé "Passe": Èdè Àwọn Ọlọ́káàdì, Láti Belote Dé Poker

Ọ̀rọ̀ káàdì ni ètò ẹ̀kọ́ wa dá lé lónìí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí rédíò sí ibòmíràn. N kò wá kọ́ ọmọ yín ní tẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu àwọn ọlọ́káàdì ni mo fẹ́ ká jọ tú wò, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ ọ yé.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa, Dassa, mọ oríta wa. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Cotonou bọ̀ ti pín sí méjì, tí ọ̀kan gba Savè lọ sí Parakou, tí èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró, awakọ̀ á dúró de èrò, ọlọ́kadà á dúró de oníbàárà, káàdì kì í sì í jìnnà sí ẹni tó ń dúró. Belote ni wọ́n ń ta. Faransé ló mú un dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ti di ti ilé. Àmọ́ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, poker ti ń wọlé lórí fóònù. Nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Cotonou bá sì wálé nínú oṣù August, ní àsìkò ìrìn àjò mímọ́ Arigbo tí iṣu tuntun ń jáde, àwọn náà á tún gbé e bọ̀. Ẹni tó bá mọ belote bí ẹni mowó á jókòó sídìí poker, á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: passe, couleur, quinte, carré. Á ní, "Èyí ò le." Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe lórí tábìlì kejì yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi belote ṣe ìpìlẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì méjì lẹ́gbẹ́, káàdì 32. A ó kọ́kọ́ pín márùn-ún márùn-ún fún oníkálukú, a ó sì ṣí ọ̀kan sílẹ̀ kí gbogbo ojú rí i. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á wá sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: "je prends," ìyẹn ni pé mo gbà á, tàbí "passe," ìyẹn ni pé kó kọjá mi. Ẹni tó bá gbà á ti sọ irú káàdì yẹn di atout, òun ni yóò máa borí gbogbo irú yòókù títí eré náà á fi parí. Lẹ́yìn náà ni a ó pín èyí tó kù, kí káàdì lè pé mẹ́jọ lọ́wọ́ oníkálukú.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú belote ni pé ó dojú ààfin rú. Lára atout, valet, ọmọ ọ̀dọ̀ lásán, ló tóbi jù, 20 ni iye rẹ̀. Mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e pẹ̀lú 14, lẹ́yìn rẹ̀ ni as pẹ̀lú 11 àti mẹ́wàá pẹ̀lú 10. Ọba tó jókòó pẹ̀lú adé lórí kò ju 4 lọ, ayaba sì jẹ́ 3. Bí a bá ro gbogbo káàdì pọ̀, 152 ni. Ẹgbẹ́ tó bá kó káàdì ìkẹyìn nílẹ̀ gba 10 sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní dix de der, gbogbo rẹ̀ wá di 162. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé òun gbà á gbọ́dọ̀ ní 82 ó kéré tán. Bí ti ẹgbẹ́ kejì bá ju tiẹ̀ lọ, wọ́n á ní ó wà "dedans," gbogbo 162 á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Bí ẹgbẹ́ kan bá kó gbogbo káàdì láìku ọ̀kan, "capot" nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ ariwo tó máa ń tẹ̀ lé e.

Ẹ wá wo passe dáadáa. Nínú belote, passe kò pa ẹnikẹ́ni lára. O sọ ọ́, káàdì rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ àti ẹnì kejì rẹ á ṣì jọ ta eré náà dópin. Ní poker tí wọ́n ń fi Faransé ta, ẹni tó bá sọ pé passe ti kúrò nínú eré. Káàdì rẹ̀ á padà sọ́wọ́ ẹni tó ń pín in, gbogbo owó tó ti fi sílẹ̀ á sì di ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n tún ń lò fún un ni "je me couche," mo dùbúlẹ̀, èyí sì bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu jù lọ. Bí o bá fẹ́ dákẹ́ láìfi owó kún un, tí o sì fẹ́ wà nínú eré, "parole" ni o máa sọ. Ọ̀pọ̀ á tún kàn fi ìka kan tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó ṣe àpèjúwe. Ká sọ pé 2,000 CFA wà láàrin tábìlì. Ó kàn ọ́ láti sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó tíì fi kọ́bọ̀ kún un. Ọ̀fẹ́ ni dídúró. Àmọ́ nítorí pé ahọ́n rẹ ti mọ belote, o ní, "Passe." O ti fi ẹ̀tọ́ rẹ lórí 2,000 yẹn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Àwọn tó jókòó tì ọ́ kò sì ní tún un ṣe fún ọ, nítorí àǹfààní wọn ni.

Kí àlàyé yìí lè yé wa dáadáa, ẹ gbọ́ bí irú poker tó gbilẹ̀ jù lóde òní ṣe ń lọ. Texas Hold'em ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2007, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas fọwọ́ sí i pé ìlú Robstown ní ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n ti bí i. Káàdì 52 ni wọ́n ń lò. Kí ẹnikẹ́ni tó rí káàdì, ẹni méjì tó tẹ̀ lé ẹni tó ń pín in gbọ́dọ̀ fi owó sílẹ̀ ní tipátipá, "blind" ni wọ́n ń pe owó náà, torí ojú ò tíì rí ohun tí ọwọ́ ń san án fún. Káàdì méjì méjì ló kan oníkálukú, kò sì gbọ́dọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí mẹ́ta sáàrin tábìlì, ìyẹn ni flop. Wọ́n á tún ṣí ẹyọ kan, turn nìyẹn, àti ẹyọ kan ìkẹyìn tí wọ́n ń pè ní river, tí àwọn Faransé ń pè ní rivière. Márùn-ún tó wà láàrin yẹn, ti gbogbo ènìyàn ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á wá fa márùn-ún tó dára jù yọ nínú méje tó rí.

Láàárín ìṣísílẹ̀ kan sí èkejì ni ọ̀rọ̀ owó wà. "Je suis," mo tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé iye tí ẹni ìṣáájú fi sílẹ̀ ni èmi náà fi sílẹ̀. "Je relance," mo fi kún un. "Tapis" sì ni pé gbogbo ohun tó wà níwájú mi ni mo tì sáàrin. Ẹni tó bá sọ tapis kò lè fà á padà mọ́. Ní ilé tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ lé òfin gidi, ọ̀rọ̀ ẹnu ti so ọ́ kí ọwọ́ rẹ tó kan owó. Àwọn àgbà wa tó ń ta ayò á yọ̀ǹda kí èèyàn ronú lórí ọmọ ayò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí, ẹnu rẹ ni adájọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tó ń dẹ pàkúté fún ọmọ belote, orúkọ káàdì tó bára mu ni. Nínú belote, "couleur" kàn jẹ́ irú káàdì: pique, cœur, carreau, trèfle. Ní poker, couleur ni káàdì márùn-ún tó jẹ́ irú kan náà, ohun ńlá sì ni. Nínú belote, bí wọ́n bá gbà láti máa ka ìkéde, tierce ni mẹ́ta tó tò léra nínú irú kan náà, márùn-ún tó bá tò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní cent tàbí quinte. Ní poker, quinte ni márùn-ún tó tò léra láìka irú tí wọ́n jẹ́ sí. Bí wọ́n bá tò léra tí wọ́n tún jẹ́ irú kan náà, orúkọ ti yí padà, quinte flush ló dé yẹn. Ọmọ belote á ṣí káàdì rẹ̀, á ní òun ní quinte, á sì máa yọ̀. Ẹni tó ní couleur á fi ọwọ́ gbá owó lọ. Carré nìkan ni kò dalẹ̀: mẹ́rin tó jọra ni níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, carré valet tó ń jẹ́ 200 nínú belote, tó tóbi ju ti ọba lọ, máa ń wólẹ̀ níwájú carré ọba ní poker. Ọmọ ọ̀dọ̀ ti padà sípò rẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé ta ló fi couleur ga ju quinte lọ. Ìṣirò ni. Nínú káàdì 52, ọ̀nà 2,598,960 ló wà tí káàdì márùn-ún fi lè bọ́ sọ́wọ́ èèyàn. Quinte lè wáyé ní ọ̀nà 10,200, couleur ní 5,108, full ní 3,744, carré ní 624. Full ni mẹ́ta tó jọra pẹ̀lú méjì mìíràn tó jọra. Brelan, mẹ́ta tó jọra lásán, ní ọ̀nà 54,912. Quinte flush royale, tó jẹ́ mẹ́wàá, valet, ayaba, ọba àti as nínú irú kan, kò ju 4 lọ. Ohun tó ṣọ̀wọ́n jù ló ga jù. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní láti há àtẹ òfin sórí.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ Faransé ṣe kún eré tí gbogbo ayé ń pè ní ti Amẹ́ríkà? New Orleans ni ìdáhùn wà. Louisiana ti wà lábẹ́ Faransé rí kó tó di ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1803, àwọn ará ibẹ̀ sì ní eré káàdì kan tí wọ́n ń pè ní poque. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sókè sódò Mississippi ló gbé e káàkiri. Ní ọdún 1829, òṣèré ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Joseph Cowell, rí i lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá: káàdì 20 péré ni wọ́n ń lò nígbà náà, márùn-ún fún èèyàn mẹ́rin. Ilẹ̀ náà kò sì ṣàjèjì sí wa, ó dunni láti sọ. Ọkọ̀ ẹrú àkọ́kọ́ tó kó àwọn ará Áfíríkà lọ sí Louisiana ní ọdún 1719, Ouidah ló ti kẹ́rù. Àwọn baba ńlá wa tó sá gun àwọn òkè Dassa wọ̀nyí nítorí ogun Dahomey mọ irú ọjà tí Ouidah ń tà.

Káàdì fúnra rẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Ṣáínà ló ti gbéra, ó sì dé Íjíbítì ní ayé àwọn Mamluk kí Yúróòpù tó mọ̀ ọ́n ní nǹkan bí ọdún 1370 sí 1380. Ẹ lè rí i pé ilẹ̀ Áfíríkà ló gbà kọjá. Àwọn Faransé ló wá fún àwọn ọba inú káàdì lórúkọ: David ni ọba pique, Charles ni ti cœur, César ni ti carreau, Alexandre ni ti trèfle. Ẹ wo ara káàdì belote yín, bó bá jẹ́ ti Faransé, ẹ ó rí àwọn orúkọ náà. Ọmọ tó ń lọ sí katikísìmù á dá David mọ̀, á sì rí Rachel nínú àwọn ayaba.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àpè, orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ọlọ́káàdì fi ń pe ara wọn. Èyí ló dùn jù. Ní ìdí ọpọ́n ayò, ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní poker, ọ̀ta ni "requin," ẹja ńlá eléyín mímú tó ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ lókun. Òpè ni "poisson," ẹja lásán, tàbí "pigeon," ẹyẹlé. Ó jọra, àbí? Kò jọra. Bí o bá jẹ́ òpè nídìí ayò, wọ́n á sọ ọ́ sí ọ lójú. Àwọn tó ń wòran á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, alátakò rẹ á máa kọrin sí ọ létí bó ṣe ń kó ọmọ ayò rẹ. O ò ní pẹ́ mọ̀ pé ó yẹ kí o dìde tàbí kí o kọ́ ọ. Ẹ̀gàn yẹn, ẹ̀kọ́ ni. Nídìí poker olówó, kò sí ẹni tó máa pe ẹja ní ẹja lójú rẹ̀. Wọ́n á ní o ta á dáadáa, pé oríire ni kò sí lọ́dọ̀ rẹ lónìí, wọ́n á ra ohun mímu fún ọ kí o má baà lọ. Òwe kan wà láàrin wọn tó rìn jìnnà káàkiri ayé: bí o bá jókòó fún ààbọ̀ wákàtí tí o kò tíì mọ ẹni tó jẹ́ òpè lórí tábìlì, ìwọ gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "tilt." Láti ara ẹ̀rọ eré onírin tí wọ́n ń fi kọ́ìnì ta ló ti wá, èyí tó máa ń kú bí èèyàn bá fi ìbínú mì ín. Ẹni tó bá pàdánù owó, tí inú rẹ̀ wá ń ru, tó ń fi owó tuntun lé owó àtijọ́, ó ti wà lórí tilt. N kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo èdè yìí tó wúlò tó o. Ọlọ́káàdì gidi á gbọ́ ọ, á sì dìde lórí ìjókòó. Àwa tó ń gbé ilé pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ti rí i rí, kódà bí kò bá fọwọ́ kan káàdì.

"Bluff" ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ jù. Wọ́n rò pé irọ́ pípa ni, pé ẹni tí ojú rẹ̀ le bí àpáta ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ìṣirò ló pọ̀ nínú rẹ̀. John von Neumann àti Oskar Morgenstern kọ ìwé kan ní ọdún 1944 lórí bí àwọn tó ń figagbága ṣe ń pinnu, wọ́n sì fi poker ṣàlàyé ibẹ̀: ẹni tí kò bá ṣe bluff rárá, gbogbo ayé á mọ̀ pé káàdì rere ló ní nígbàkúùgbà tó bá fi owó kún un, wọn yóò sì máa sá fún un. Ní ọdún 2019, kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Pluribus, tí Noam Brown àti Tuomas Sandholm ṣe, borí àwọn ògbóǹtarìgì nínú poker tí èèyàn mẹ́fà ń ta, bluff sì wà lára ohun tó fi borí wọn. Kọ̀ǹpútà ò ní ojú tí yóò le.

Ìṣirò yẹn náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní "outs," ìyẹn àwọn káàdì tó ṣẹ́ kù tó lè gbà ọ́ là. Ká ní mẹ́rin nínú káàdì rẹ àti ti àárín tábìlì jẹ́ cœur, ó ku ẹyọ kan kí couleur pé, river nìkan ló sì kù. Cœur mẹ́sàn-án ló kù nínú 46 tí o kò tíì rí, kò pé ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Bí 3,000 bá wà nílẹ̀, tí alátakò rẹ sì fi 3,000 mìíràn kún un, 3,000 ni o máa san láti lè jẹ 6,000. Àfi kí o jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta kí o tó lè kó owó rẹ jọ. Tìrẹ kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Dùbúlẹ̀, ọmọ ìyá mi. Ẹni tó ń sọ pé "ara mi ń sọ fún mi pé yóò bọ́ síbẹ̀" ni ọ̀ta ń fi bọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onílé tẹ́tẹ́ kì í pariwo: "rake." Iye tí onílé ń gé nínú owó àárín tábìlì nìyẹn, bóyá ilé tẹ́tẹ́ ni tàbí orí fóònù. Belote abẹ́ igi kò ní rake. Bí èèyàn mẹ́fà bá mọ eré ta bákan náà tí wọ́n sì ta á títí, rake nìkan ló máa lówó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi poker wé "bonneteau," káàdì mẹ́ta tí wọ́n ń yí kiri lórí páálí níbi tí èrò bá ti pọ̀. Ìyẹn kì í ṣe eré káàdì rárá. Ẹni tí ẹ rí tó ń jẹ owó lójú yín, tó ń dunnú, "baron" ni wọ́n ń pè é, ara wọn ni. Kò sí outs níbẹ̀, kò sí ìṣirò. Ẹ kọjá lọ.

Ní tèmi, belote ni mo yàn fún abẹ́ igi Dassa: èèyàn mẹ́rin, ẹ̀rín, ẹjọ́ lórí dix de der, kò sí ẹni tó padà sílé láìlówó ọbẹ̀. Àmọ́ n kò ní sọ pé kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má kọ́ poker. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń fi kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń díwọ̀n ewu. Ẹ kọ́ ọ láìfi owó sí i. Ọmọ ayò 48 wà nínú ọpọ́n bàbá yín: méjìlá méjìlá ló kan èèyàn mẹ́rin, ó sì tó láti fi sọ tapis. Ẹ dá wọn padà sínú ọpọ́n, mẹ́rin mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan, kí àwọn àgbà tó dé. Bí ẹ bá sì wà nídìí eré tó kàn yín láti sọ̀rọ̀, tí kò sí ẹni tó fi owó kún un, ẹ má sọ pé passe. Ẹ sọ pé parole.